Kúkúndùnkún ní Ìlú Oníbúrẹ́dì

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílẹ̀ Faransé, mi ò ní sọ pé òtútù ni. Gbogbo ayé ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé. Búrẹ́dì ni kò sẹ́ni tó kìlọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ní Lyon tí mo ń gbé, kò síbi tí búrẹ́dì kò sí. Ẹ óò rí àgbàlagbà tó há a mọ́ abíyá bíi pé agboòrùn ni. Ẹ óò rí ọmọ ilé ìwé tó ń bu orí rẹ̀ jẹ kó tó gbé e délé. Òórùn rẹ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀, nítorí wọ́n ń yan án nísàlẹ̀ ilé tí mo háyà. Bí o bá wọ ilé oúnjẹ, wọn kì í bi ọ́ bóyá o fẹ́. Wọ́n á kàn gbé e síwájú rẹ bí a ti ń gbé omi fún àlejò nílé wa. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ọmọ Ẹ̀gùá. Gààrí, láfún àti kúkúndùnkún, èyí tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní ọ̀dùnkún tàbí ànàmọ́, ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo rí búrẹ́dì tó pọ̀ tó yìí, mo ní ayé mi ti dùn.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ríṣẹ́. Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń fọ balùwẹ̀, mo ń pààrọ̀ táwẹ́ẹ̀lì. Màdámù Odílè ni ọ̀gá wa, obìnrin Faransé gíga kan tí ohùn rẹ̀ le bíi ti olùkọ́ tó mú pàṣán lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Búrẹ́dì tí àwọn àlejò kò bá jẹ tán láàárọ̀, òun ló máa ń pín in fún àwa òṣìṣẹ́, èmi ló sì máa ń fún ní èyí tó pọ̀ jù. Ó ní mo rù jù.

Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ ni mo ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, mo sì tún ń fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń rù sí i.

Inú mi á wú bíi ti aláboyún. Bí ó bá rọlẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Irun mi ń já sínú kóòmù. Tí mo bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì, mo ní láti fọwọ́ ti ògiri kí n sinmi lágbedeméjì. Mo ń parọ́ fún ara mi pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Màmá kò gba irọ́ náà. Nẹ́tíwọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ ni fóònù wọn máa ń gbá mú ní Ẹ̀gùá, nítorí a fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí bọ́dà, nítorí náà àwòrán wọn máa ń dúró gbọnin, á tún sáré lójijì. Lọ́jọ́ kan tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, wọ́n sún mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ pé imú wọn nìkan ni mo ń rí.

"Fi ojú rẹ hàn mí dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ dà?"

"Màmá, kámẹ́rà ni."

"Kámẹ́rà kì í jẹ ẹran ara èèyàn."

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Tí ibẹ̀ kò bá gbà ọ́, máa bọ̀. Oko wà níbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó sì tù mí nínú. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ohun tó burú nínú kí èèyàn máa ṣàìsàn nílẹ̀ àjèjì kọjá ìrora. Níbi tí kò ti sẹ́ni tó mọ bí o ṣe rí nígbà tí ara rẹ dá, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé o ti yí padà. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn: tínínrín, aláìlágbára, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí n sọ fún wọn pé nílé, èmi ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kí n dín ẹ̀rín kù.

Ọjọ́ kan ni mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ tí ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú. Orí bẹ́ẹ̀dì náà ni mo ṣubú sí, mo dúpẹ́. Màdámù Odílè fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ki rọ́bà tínínrín kan bọ̀ mí lọ́fun, wọ́n fi wo inú mi. Lẹ́yìn náà ni dókítà, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nítorí Faransé mi tí kò já gaara, mú bébà, ó yàwòrán ìfun sí i.

Ó ní ohun kan wà nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, glúténì lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà bíi rọ́bà. Ó ní ara tèmi kò gbà á. Bí ó bá ti wọlé ni ara mi ń gbé ìjà kò ó, ìfun mi ló sì ń gbọgbẹ́ ìjà náà.

Mo bi í pé kí ni oògùn rẹ̀.

Ó ní kò ní oògùn. Kí n má jẹ ẹ́ mọ́ ni. Kí n má jẹ búrẹ́dì, kí n má jẹ makaróni, kí n má jẹ bisikí, títí ayé mi.

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún èèyàn. Àfi bí mo ṣe bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó rò pé mi ò gbọ́ ohun tí òun wí, ó bá tún un sọ, èyí wá tún dá kún ẹ̀rín mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Mo ti ń retí kí ó sọ fún mi pé ikú ni. Ó wá ní búrẹ́dì ni.

Nígbà tí mo pe ilé, Màmá kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn.

"Ṣé búrẹ́dì náà ló ń ṣe ọ́, àbí ẹni tó ń fún ọ ní búrẹ́dì?"

"Màmá, búrẹ́dì ni."

Bàbá ní, "Kí ló dé tí kò ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé?"

"Bàbá, ìgbà wo la jẹ búrẹ́dì nílé, yàtọ̀ sí ọjọ́ ọdún?"

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rín wọn. "Òótọ́ ni. Oko mi ló ń dáàbò bò ọ́ láìmọ̀."

Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ yàtọ̀ sí kí ó rí ohun tó máa jẹ. Wọ́n ń ta oúnjẹ tí kò ní glúténì nínú ṣọ́ọ̀bù, mo rà á, ó dà bíi kí èèyàn máa jẹ páálí. Ibi tí wọ́n ti ń ta gààrí jìnnà sí mi. Mo wá ń gbé ìrẹsì lé ìrẹsì, títí ìrẹsì náà fi sú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ sí ọjà tí wọ́n máa ń ná létí odò. Láàrin kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì ni mo ti rí wọn: kúkúndùnkún, òkìtì kan gbáko, awọ wọn pupa, erùpẹ̀ ṣì wà lára wọn. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo pe Màmá.

"Màmá, ẹ wò ó! Kúkúndùnkún!"

"Ní Faransé? Ta ló gbìn ín síbẹ̀?"

Ẹni tó ń tà á gé ọ̀kan sí méjì kí n lè rí inú rẹ̀. Inú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Màmá lọgun, "Ṣé epo ni wọ́n pò mọ́ ọn ni?"

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tó ń ru àpótí kárọ́ọ̀tì dúró lẹ́yìn mi. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ má mú àwọn tó tóbi yẹn o. Wọ́n máa ń ní okùn nínú. Kéékèèké ni kí ẹ ṣà."

Kí n tó yíjú padà, Màmá ti gbọ́ ọ. "Ta nìyẹn? Ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ?"

Ọkùnrin náà gbé àpótí sílẹ̀, ó tẹrí ba fún fóònù láàrin ọjà. "Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ráìmí lorúkọ mi. Ọmọ Kétu ni mí."

"Kétu ti Èkó ni àbí ti Bẹ̀nẹ̀?"

"Ti Bẹ̀nẹ̀ ni, Màmá."

"Kétu tiwa! Ìwọ ọmọ yìí, yí fóònù yẹn padà kí n rí i dáadáa."

Ojú tì mí débi pé kúkúndùnkún tí mo rà lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ bí mo ṣe ṣà á.

Mo sè é, mo fi ata díndín jẹ ẹ́. Ó rọ̀ ju tiwa, ó sì lómi. Ṣùgbọ́n inú mi dákẹ́. Mo ti gbàgbé bí inú tó dákẹ́ ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ kejì mo dín in. Lọ́jọ́ kẹta mo ro ó bí àsáró, mo fi ẹja sí i. Mo yan án, mo gún un, mo fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́. Kó tó pẹ́, mo ń gun àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì láìfọwọ́ kan ògiri, mo sì ń kọrin lójú àtẹ̀gùn náà. Ẹnì kan jáde nínú yàrá kan wá wo ẹni tó ń kọrin.

Màdámù Odílè ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó ní òun ni òun ń fi ọwọ́ ara òun fún mi ní ohun tó ń pa mí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, mo dín kúkúndùnkún, mo gbé e wá sórí tábìlì tí gbogbo wa ti ń jẹun. Ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó mú òmíràn. Ó bi mí pé ṣé ṣúgà ni mo fi sí i. Mo ní Ọlọ́run ló fi sí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ya ọ̀bẹ kan àti ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún mi ní kíṣíìnì, ó so okùn pupa mọ́ wọn, ó sì kéde pé ẹni tó bá fi ọ̀bẹ náà gé búrẹ́dì, òun àti olúwarẹ̀ ni. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo ti ní ọ̀bẹ tèmi ní ìlú oníbúrẹ́dì.

Ráìmí ń ṣa kéékèèké pamọ́ dè mí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Lákọ̀ọ́kọ́ a ń fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pàdé níwájú àgbà. Mi ò rántí ọjọ́ tí "ẹ" di "o," ṣùgbọ́n mo rántí pé ọwọ́ wa méjèèjì wà nínú omi tí a fi ń fọ kúkúndùnkún. Ọ̀kadà kan ló ń gbé èèyàn láti Ẹ̀gùá dé Kétu. Èèyàn á jáde láàárọ̀, á ṣọjà, á sì padà wá jẹun nílé. Ọ̀rọ̀ wa bá ara wa mu, àyàfi pé tiwọn ní orin díẹ̀ ju tiwa lọ, wọ́n sì máa ń fi Faransé há a láàrin bíi tiwa tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì há a. Síbẹ̀, orúkọ orílẹ̀-èdè méjì ló wà nínú ìwé wa. Lyon ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn kan ti fa ìlà láàrin èmi àti òun kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa. Lyon náà ló sì mú wa fo ìlà náà. Nígbà tí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò kí ń wá ilé kiri mọ́.

Ìgbà tó sọ pé òun fẹ́ fi mí han ìyá òun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ẹ̀rín sì gbé e.

"Búrẹ́dì ni wọ́n ń ṣe."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ààrò búrẹ́dì ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ gbogbo wọn, àwọn ni wọ́n sì ń ṣe búrẹ́dì fún ìdajì àdúgbò wọn. Èmi tí n ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan búrẹ́dì ló wá fẹ́ wọ ilé oníbúrẹ́dì ṣìyàwó.

Ó pe ìyá rẹ̀ níṣojú mi. Ó ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ bi í, mo sì ń gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí.

"Kò fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí kò lè jẹ ẹ́?"

"Kò lè ni, Màmá. Ó máa ń dá a dùbúlẹ̀."

"Kí ni yóò wá máa jẹ nílé mi?" Wọ́n sì pa fóònù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Mo ń sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá kọ̀ mí, mi ò ní bá wọn jà. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá kọ oúnjẹ ìyá ọkọ, ìyá ọkọ ló kọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ kan pè mí níbi iṣẹ́.

"Ìwọ ni ọmọ Ẹ̀gùá náà?"

Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì àlejò. "Èmi ni, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Mo ti ń ronú. Ìmáàmù ń jẹ búrẹ́dì mi, fadá ń jẹ ẹ́, àwọn aṣọ́bodè ń jẹ ẹ́. Kò tíì sẹ́ni tó wọ ilé mi tó jáde láìjẹ ẹ́. Ìwọ kọ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Sọ fún mi, kí ni o lè jẹ?"

"Kúkúndùnkún, Màmá. Ẹ̀gẹ́. Ìrẹsì. Ẹyin."

"Ó tó," ni wọ́n wí. "Ìyẹn tó."

Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọ́n mú ọkọ́. Wọ́n wọ oko, wọ́n wa kúkúndùnkún, èyí tó funfun tó sì gbẹ, tó máa ń há èèyàn lọ́fun, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n sì gbé e fún ọlọ́kadà pé kó gbé e dé Kétu, ilé ìyá oníbúrẹ́dì.

Àwòrán búrẹ́dì tí Ìyá Ráìmí ń fi kúkúndùnkún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù wa. Àkọ́kọ́ jáde bí òkúta. Ráìmí ní kí ìyá òun fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ́lé. Ìkejì wú, ó wú, inú gbogbo wa dùn, ó sì wó lulẹ̀ bí ògiri alámọ̀ tí òjò pa. Ìyá Ráìmí ní ìyẹ̀fun tí kò ní glúténì yìí dà bí ọmọ tí kò ní egungun. Wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kún un, wọ́n fi ẹyin dì í, wọ́n dín omi rẹ̀ kù. Èyí tó tẹ̀ lé e dúró. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n yà á lápá òsì, wọ́n tún gbé e lé orí ara wọn, wọ́n ya fọ́tò.

Ìgbà náà ni mo wá ní láti sọ ohun tó ti ń dùn mí lọ́kàn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ìyẹ̀fun àlìkámà díẹ̀, díẹ̀ báyìí, bá wà lára ààrò, tàbí lára ọwọ́, tàbí lára aṣọ, ó tó láti dá mi dùbúlẹ̀."

"Ọmọ mi, ìyẹ̀fun wà nínú irun mi. Ìyẹ̀fun wà nínú ìpéǹpéjú mi."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ó dáa. Mo ti gbọ́."

Láti ọjọ́ náà, àwòrán dáwọ́ dúró. Mo sunkún. Ráìmí ní kí n má sunkún. Ó ní bí ìyá òun bá bínú, ariwo ni wọ́n ń pa, pé bí wọ́n bá dákẹ́, wọ́n ń ronú ni. Mi ò gbà á gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé tí a ń lọ sílé, mo ti pinnu pé màá se kúkúndùnkún tèmi pamọ́ sínú abọ́, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni.

Ilé! Mi ò lè sọ gbogbo rẹ̀ tán. Màmá fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lápá méjèèjì, wọ́n sì ké sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá wò ó, pé ó ti padà sí àyè rẹ̀.

Àwọn ará Kétu dé ní ọ̀sán. Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní a ò mọ̀ wọ́n rí, kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Àfi bí Bàbá mi, Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣe dìde láàrin àwọn àgbà tí wọ́n ní, "Ìyá Ráìmí, ẹ wọlé jàre. Àpò ti ìjọ́sí ńkọ́, ṣé kò bàjẹ́?" Gbogbo ilé dà rú fún ẹ̀rín. Agbẹnusọ wa ní wọ́n ti ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Mo ti rò pé obìnrin ńlá ni Ìyá Ráìmí. Obìnrin kúkurú ni wọ́n, apá wọn ló le. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n fà mí wọ yàrá Màmá, wọ́n gbé ohun kan tí wọ́n fi aṣọ funfun tuntun dì lé mi lọ́wọ́. Ó ṣì gbóná díẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ béèrè. Wọ́n rí i lójú mi.

"Mo kọ́ ààrò mìíràn," ni wọ́n wí. "Kékeré ni. Ẹ̀yìn ilé ló wà, lábẹ́ igi kajú, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè gbé ìyẹ̀fun dé. Àlìkámà kò tíì wọ ibẹ̀ rí, kò sì ní wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ṣe tìẹ, n kì í dé ìdí ààrò ńlá. Mo máa ń wẹ̀, mo máa ń fọ irun mi, aṣọ tí mo fi ń kírun ni mo máa ń wọ̀."

Mo tú aṣọ funfun náà.

"Bàbá rẹ ló wá bá mi po amọ̀ rẹ̀. Kò sọ fún ọ?"

Bàbá kò sọ fún mi. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí wọn níta, wọ́n ń pín obì fún àwọn àlejò bíi pé wọn ò ṣe nǹkan kan láyé wọn.

Mo bu búrẹ́dì náà. Èèpo rẹ̀ dún létí mi, inú rẹ̀ rọ̀, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àwọ̀ oyin, òórùn kúkúndùnkún tí a yan ló ń jáde nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ìyá Ráìmí ń wo ẹnu mi, Màmá ń wo ojú Ìyá Ráìmí. Mo tún bu òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà níta sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Nígbà tí a jáde, kò ṣẹ́kù ju ìdí rẹ̀ lọ. Bàbá gba ìyẹn, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní oko àwọn ni wọ́n ń jẹ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbálẹ̀ iwájú ilé, fóònù dún. Kétu ni.

"Inú rẹ ńkọ́?"

"Ó dákẹ́, Màmá. Ó dákẹ́ rọ́rọ́."

"Alihamudulilahi," ni Ìyá Ráìmí wí. Mo ń gbọ́ ìró igi tó ń jó lẹ́yìn wọn. "Jẹ́ kó máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń po òmíràn."